Òkè Ìdànrè: ẹ má ṣe dúró lórí àtẹ̀gùn

Ọ̀pọ̀ fọ́tò Òkè Ìdànrè tí mo ń rí lórí ayélujára, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti yà á. Àwọn èèyàn á gùn ún dé ìdajì, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ máa lọ sílé. Ó máa ń dùn mí, torí pé ọ̀nà lásán ni àtẹ̀gùn yẹn. Odindi ìlú kan ló wà lókè, pẹ̀lú ààfin, kọ́ọ̀tù, ilé ìwé, ibojì àti ojúbọ. Ìlú yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ lọ rí, òun ló sì jẹ́ kí àgbéyẹ̀wò yìí gùn díẹ̀. Ẹ fara dà á fún mi.

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn tàbí Èkó bọ̀, kó sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú, kó wọkọ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ kòkó ni gbogbo àgbègbè náà. Lásìkò ìkórè, ẹ ó rí kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, òórùn rẹ̀ á sì ti pàdé yín lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú, ràgàjì, títí ẹ ó fi rí i pé àárín wọn ni wọ́n kọ́ ìlú tó wà nísàlẹ̀ sí. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n ti ń jà nítorí fóònù láti òwúrọ̀ dákẹ́ wẹ́lo.

Ẹ ó san owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kí ẹ béèrè afinimọ̀nà, kó sì jẹ́ ọmọ Ìdànrè. Ó ṣe pàtàkì ju bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ. Àgbàlagbà kan ló mú wa gòkè, òkè níbẹ̀ ni wọ́n sì bí bàbá tirẹ̀ sí. Kò pe ibẹ̀ ní ibi ìṣẹ̀ǹbáyé rí ní gbogbo ìgbà tí a fi jọ rìn. “Ilé wa” ló ń pè é. “Ẹ rọra o, ilé wa la fẹ́ wọ̀ yìí.” Owó tí mo fún un lọ́tọ̀ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ kò dùn mí rárá, torí pé láìsí i, òkúta àti ògiri tó ti wó nìkan la ò bá rí.

Àtẹ̀gùn náà jẹ́ 682. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ jókòó níbẹ̀ láìtijú. Àwọn ọ̀dọ́ kan sáré kọjá lára wa nísàlẹ̀, a sì bá wọn níwájú tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màmá kan tó gbé omi tó fẹ́ tà rù ló kọjá lára gbogbo wa láìdúró, ó tún ń kí wa kú ìrìn.

Nígbà tí àtẹ̀gùn bá tán, ẹ má rò pé ẹ ti dé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ̀lú ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba inú koríko àti àárín àpáta lọ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ibẹ̀ ni ìlú àtijọ́ wà, èyí tí àwọn baba ńlá wọn ń pè ní Ufẹ̀ Òkè. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi gbé ibẹ̀. Ní àkókò tí ogun ń lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ta ló fẹ́ gun irú àpáta bẹ́ẹ̀ wá bá èèyàn jà? Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tó wà nísàlẹ̀ dó. Bàbá tó mú wa gòkè ní kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ sọ̀, pé àwọn àgbà kan sunkún.

Ọdún 1896 ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti wà lókè náà. Ó kù ọdún méjìdínlógún kí wọ́n tó pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nàìjíríà kan, àwọn ọmọdé sì ti ń kàwé lórí àpáta yìí. Kọ́ọ̀tù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́. Èmi kò mọ ibòmíràn tí ọmọ Yorùbá ti lè rìn la ìgboro ìlú àtijọ́ kọjá báyìí, láìsí ilé petẹ́ẹ̀sì kankan tó ṣíji bò ó. Gbogbo ìlú wa yòókù, orí ti àtijọ́ la kọ́ ti tuntun lé.

Ààfin Ọwá ni mo ti pẹ́ jù. Ògiri alámọ̀ ni, àwọn òpó gbígbẹ́ sì wà nínú àgbàlá rẹ̀. Àmọ́ ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò ní orúkọ kankan, ni ọkàn mi ṣì wà títí di ìsinsìnyí. Mo sún mọ́ ògiri rẹ̀ dáadáa. Ìpele-ìpele ni wọ́n fi mọ ọ́, ìlà tó pín ìpele kan sí èkejì sì hàn kedere, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé amọ̀ míì lé e. Níbì kan, ipa ìka ọwọ́ ẹni tó tẹ amọ̀ náà mọ́lẹ̀ ṣì wà, ìka mẹ́ta, ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin fi fẹ́ ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ẹnì kan ti fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ sí ògiri. Mo ti ń múra láti bú ẹni náà. Bàbá kò bínú. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúkọ méjèèjì, ó ní, “Ilé bàbá ẹnì kan nìyí o, ọmọ mi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ nǹkankan sára ògiri wọ̀nyẹn. Amọ̀ kì í ṣe àpáta. Bí ẹ bá ti ha á lára, ibẹ̀ ni omi òjò á ti ráyè. Nylon omi tí ẹ bá sì mu tán, inú àpò yín ni kó padà sí. Mo rí wọn níbi tí kò yẹ kí n ti rí wọn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yí èrò mi padà nípa bí a ṣe ń tọ́jú irú ibi báyìí. Bí a ṣe ń rìn, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ibì kan mọ́ tónítóní, a ti gbá wọn, koríko kò sì kún wọn. Àwọn ibòmíràn ti di igbó pátápátá. Mo bi Bàbá léèrè bóyá owó ló tán. Ó ní rárá, ibi tó mọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ètùtù tàbí ọdún. Àwọn ọmọ Ìdànrè kò fi òkè sílẹ̀ tán: wọ́n ń gòkè padà wá bọ ohun tí wọ́n ń bọ, wọ́n ń ṣe ọdún Orósùn, wọ́n ń lọ sí ojú oórì àwọn tiwọn. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá ti ń dé kì í kú. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì àti títì la sábà máa ń mẹ́nu bà. Àwọn ará ilé tó ń gbá àgbàlá kì í sí nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ni kò jẹ́ kí ìlú náà parẹ́. Bí ọdún kan bá bá yín níbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí ẹ má gba ibì kan kọjá tàbí kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ gbọ́ràn.

Òrùlé ló tún ń pa ilé alámọ̀. Ògiri amọ̀ lè dúró fún ìgbà pípẹ́ bí orí rẹ̀ bá wà ní bíbò. Bí páànù bá ti lu, omi á máa kán sójú kan náà, á gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdajì ògiri á sì wó lulẹ̀. Mo rí irú kòtò bẹ́ẹ̀ ju ibì kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó tó fẹ́ ná sórí òkè yìí, páànù ni kó kọ́kọ́ rà. Kí ó má sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ láti fi tún un ṣe. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí, ńṣe ló máa ń há omi mọ́ inú ògiri, tí amọ̀ á sì máa rà lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ ni ká fi tún amọ̀ ṣe.

Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lórí ìwé àbá tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà. Méjì péré ni Nàìjíríà ní lórí àkójọ ńlá ti àjọ náà, ìyẹn àkójọ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé: Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, tó wọlé ní 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó wọlé ní 2005. Èmi gbàgbọ́ pé Ìdànrè tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́ ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á béèrè bóyá ibẹ̀ ṣì pé, bóyá ó ṣì rí bó ṣe rí, àti ta ló ń ṣọ́ ọ. Ilé kọ̀ọ̀kan tó bá wó ń dín ìdáhùn wa kù.

Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ bí èyí tí wọ́n ṣe sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, orúnkún ìyá tèmi kò lè gun 682. Síbẹ̀ èmi kò fẹ́ ẹ. Àárín ìgboro ni Olúmọ wà, ó sì kéré. Ìdànrè gbòòrò, ẹlẹgẹ́ sì ni ohun tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Arne Schiøtz, ará Denmark, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1963. Orí àpáta tútù yẹn nìkan ló mọ̀ ní ilé. Ẹ jẹ́ kí iye èèyàn tó ń gòkè mọ níwọ̀n.

Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ Agbóògùn náà. Ojú ẹsẹ̀ kan ló wà lára àpáta, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ ọmọdé àti ti àgbà ló máa ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Gbogbo wa tì í bọ̀ ọ́, ó sì bá gbogbo wa mu.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àpáta máa ń yọ̀ gan-an lẹ́yìn òjò, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ tètè gbéra láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ mú omi tó pọ̀ dání, kí ẹ sì fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú lè jókòó síbi ìsinmi àkọ́kọ́, ó máa rí ìlú ìsàlẹ̀ dáadáa látibẹ̀. Owó afinimọ̀nà, ẹ fún un lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ilé tó jẹ́ tiwọn. Bàbá fi tiwọn hàn wá. Ògiri méjì ló kù níbẹ̀, igi kan sì ti hù láàárín yàrá.