Gíríìsì ló gan, gíà ò ṣe nǹkan kan: ojú mi rí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kan ní Wuse

Mi ò ní in lọ́kàn láti kọ nǹkan kan o, ife tíì ló fà á. Sátidé tó kọjá ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún aago àti máṣínnì ìránṣọ ṣe yìí, ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí nǹkan mi ti wà lọ́dọ̀ wọn, ni mo bá rí gíràmáfóònù bàbá àgbà mi lórí kántà, orí ìdérí onígi rẹ̀ ni wọ́n gbé ife tíì gbígbóná lé, tòun ti búrẹ́dì àjẹkù. Mo gbé ife yẹn kúrò, ojú igi ti funfun róbótó. Mo ní ta ló ṣe èyí? Àǹtí tó ń gbowó ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, mo rò pé páálí ni."

Páálí kẹ̀! Nǹkan tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ!

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀. Edison Standard ni, kì í ṣe oní-àwo pẹlẹbẹ, silíńdà tó rí bí agolo mílíìkì ló ń lù. Bàbá àgbà mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, ọ̀gá wọn òyìnbó kan tó ń lọ sílé ló gbé e fún un. Temi yìí, oní-gíà méjì ni. Silíńdà oníṣẹ́jú méjì, àwọn dúdú onída yẹn, ìlà 100 tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ló wà nínú ínṣì kan. Nígbà tí Edison gbé oníṣẹ́jú mẹ́rin jáde ní 1908, ìlà 200 ló há mọ́ ínṣì kan náà, ìyẹn ni pé síkúrù gígùn tó ń ti abẹ́rẹ́ lọ gbọ́dọ̀ dẹ̀rìn, kó yí ẹ̀ẹ̀kan tí silíńdà bá yí ẹ̀ẹ̀mejì. Iṣẹ́ gíà nìyẹn. Temi ò ṣe é. Mo sún un sí mẹ́rin, abẹ́rẹ́ á kàn máa fò bí tata lórí silíńdà búlúù mi tó jẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́rin, orin tí ò tíì débì kan á sì ti tán.

Ọ̀gá wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Ó tú mọ́tò ẹ̀, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì aláwọ, ó fọ gómìnà ẹ̀ (orúkọ tí òyìnbó ń pè é nìyẹn o, àwọn irin mẹ́ta tí kì í jẹ́ kó sá àsájù, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí àwọn gómìnà tiwa ni pé òun ń ṣiṣẹ́). Ohùn ẹ̀ dúró dáadáa, kò mì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan gíà, kò wò ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní eyín ẹ̀ ti jẹ, pé àfi kóun ní kí wọ́n gbẹ́ tuntun ní Panteka ní Kaduna, ₦45,000. Mo sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èmi ọ̀dẹ̀. Látìgbà náà, ìtàn ni. Mọ́ńdè, "ó ti dé Kaduna, Alhaji." Tọ́sìdeè, "wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ." Ọ̀sẹ̀ kejì, iná ò sí ní Panteka. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò gbé fóònù mọ́, mo wá fi fóònù ìyàwó mi pè é, ó gbé e kó tó dún tán.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, mo ti ń pariwo, gbogbo àwọn tó gbé aago wá ti ń wò mí, ni ọmọ iṣẹ́ kan jáde látẹ̀yìn, ọmọ Ìlọrin ni, kò lè ju ogún ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ibi tí silíńdà ń jókòó sí, ó fa òmíràn sára síkúrù, ó fi fóònù ká fídíò ẹ̀, ó wá dẹ eré fídíò yẹn ká lè kà á. Ìṣẹ́jú àáyá 15: ibi tí silíńdà ń jókòó sí yí ẹ̀ẹ̀ 40, ìyẹn ni 160 ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Síkúrù náà yí ẹ̀ẹ̀ 40! Orí mẹ́rin la sì fi gíà sí o. Ó ní, "Bí eyín bá jẹ, á máa yọ̀ ni, á máa ta. Èyí ò yọ̀ rárá, ó lẹ̀ mọ́ra ni." Ó tú u níwájú mi. Gíríìsì àtijọ́ ti gan sínú ẹ̀ bí ọṣẹ dúdú tó gbẹ, eyín gíà wà pé pérépéré. Ó rẹ ẹ́ sínú epo òyìnbó mọ́jú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, ó kán òróró máṣínnì díẹ̀ sí i. Sọ́ńdè tí mo padà lọ, a tún kà á: silíńdà 40, síkúrù 20. Obìnrin òyìnbó inú silíńdà búlúù yẹn kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfò, àǹtí onífóònù gan-an gbójú sókè. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹ wá wo ọ̀gá. Ó ní òun ò lè dá owó padà torí gíà Panteka ti délẹ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́ nínú náílọ́ọ̀nù. Mo ka eyín ẹ̀, kò tiẹ̀ bá ti àtijọ́ mu! Ó ti wà lórí tábìlì mi báyìí, òun ni mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ tí fáànù bá ń fẹ́. Síkúrù kan nínú èyí tó de bo gíà náà ti sọnù, wọ́n fi ti aago dí i, orí ẹ̀ yọ síta. Ojú tíì yẹn ṣì wà níbẹ̀, mo ti fi òróró pa á títí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Sátidé tó ń bọ̀ mò ń gbé Singer ìyàwó mi lọ síbẹ̀, mo ti pe ọmọ Ìlọrin yẹn pé òun ni kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, kó sì gbé e sẹ́yìn kí àǹtí tó po tíì.