EC2 ti Amazon fún ilé-iṣẹ́ Abẹ́òkúta: ẹ wọn iṣẹ́ server yín kí ẹ tó kó o lọ

Ọ̀pọ̀ server (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) tó wà láwọn ọ́fíìsì Òkè-Ìlèwó àti Ìbàrà ló tóbi ju iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe lọ. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á. Server tí wọ́n bá rà lónìí gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ ọdún márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ padà lọ bẹ ọ̀gá fún owó òmíràn lọ́dún kejì, ni wọ́n bá ń pọn omi sílẹ̀ de òùngbẹ. Òùngbẹ náà kì í sábà dé. Server sì ń jẹ iná tọ̀sán-tòru, bó ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́: iná IBEDC tó bá wà, dísẹ̀ẹ̀lì tí kò bá sí, bátìrì UPS tí ẹ óò máa pààrọ̀, àti AC tí kò gbọdọ̀ kú nínú yàrá yẹn. EC2, ìyẹn server yíyá tí Amazon bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, lè gba ìnáwó yìí lọ́rùn yín. Àmọ́ tí ẹ bá gbé ìwọ̀n àtijọ́ lọ síbẹ̀ bó ṣe wà, owó tí ẹ óò máa san lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wọn iṣẹ́. Kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ìparí oṣù lè bọ́ sínú rẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ lásán. Tó bá jẹ́ ilé-ìwé, ẹ dúró de ìgbà tí àwọn ọmọ ń forúkọ sílẹ̀ tàbí tí èsì ìdánwò jáde. Lórí Windows, ẹ ṣí Performance Monitor, kí ẹ máa gba % Processor Time (bí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣe ń ṣiṣẹ́ tó), Available MBytes (RAM, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, tó ṣẹ́kù) àti Disk Transfers/sec (iye ìgbà tí disk ń kà tàbí kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Lórí Linux, ẹ fi sysstat, ètò tó ń wọn iṣẹ́, sí i, kí ẹ máa fi àṣẹ sar ka àbọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ àṣẹ free -m lẹ lò, ibi tí wọ́n kọ "available" sí ni kí ẹ wò, kì í ṣe "free": Linux máa ń fi RAM tó ṣẹ́kù tọ́jú fáìlì, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé RAM ti tán. SQL Server, ètò ìtọ́jú dátà ti Microsoft, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú RAM mọ́ra àfi tí ẹ bá fi òdiwọ̀n sí max server memory, nítorí náà RAM tó dì mú kì í ṣe RAM tó nílò.

Ká ní CPU server yín ní core 16 (core ni ẹ̀yà CPU tó ń dá ṣiṣẹ́), RAM rẹ̀ sì jẹ́ 128 GB. Ẹ wọ̀n ọ́n tán, ẹ rí i pé nígbà tí iṣẹ́ wọ ara jù, ìdá 10 nínú 100 CPU ló ń lò, RAM kò sì kọjá 11 GB. Core 1.6 nìyẹn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: lórí m5, ẹ̀yà server EC2 kan tó jẹ́ ti Intel, vCPU kan (bí Amazon ṣe ń ka CPU tí ẹ yá) kì í ṣe odindi core, méjì ló ń jẹ́ core kan. Nítorí náà m5.xlarge, tó ní vCPU 4 àti RAM 16 GB, yóò gbé e. Tó bá jẹ́ Linux, tí ètò tí ẹ ń lò sì ní ẹ̀dà ti ARM (irú CPU tó yàtọ̀ sí ti Intel), ẹ wo m6g, ẹ̀yà tó ń lo ARM. vCPU kan níbẹ̀ jẹ́ core kan gidi. Ẹ ṣọ́ra fún t3, ẹ̀yà tí wọ́n fi òdiwọ̀n sí CPU rẹ̀. Ó dára fún wẹ́ẹ̀bù kékeré, àmọ́ ìdá 20 nínú 100 vCPU kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀tọ́ t3.medium. Tó bá ń kọjá ibẹ̀ láìsinmi, kò ní falẹ̀, torí "unlimited" ni wọ́n fi í sí láti ilẹ̀; owó ni yóò máa lé.

Disk ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ. Ẹ lè fi kún disk EBS, ìyẹn disk tí server EC2 ń lò, ẹ kò lè dín in kù, iye tí ẹ gbà lẹ ó sì máa sanwó fún, ì báà ṣófo. Application Migration Service ti AWS (ẹ̀ka Amazon tó ni EC2), ètò tó ń kó server lọ síbẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún 90 ọjọ́ lórí server kọ̀ọ̀kan, máa ń kó disk lọ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ gan-an: 2 TB tó ní 300 GB nínú á dé ọ̀hún ní 2 TB. Ọ̀fẹ́ náà kò sì kan disk àti server kékeré tó ń lò láti fi gba ẹrù. Fún irú disk bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí server tuntun pẹ̀lú disk EBS irú gp3 tó mọ níwọ̀n, kí ẹ kó fáìlì nìkan sí i. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀dà ẹ̀yìn àtijọ́ rẹ́, torí 500 GB lórí ìlà tó ń gbé 10 Mbps lọ sókè yóò gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ láìdákẹ́.

Èrè tó pọ̀ jù wà nínú pípa server. Ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráídè, ń lo wákàtí 50 nínú 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi EventBridge Scheduler, aago AWS tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò, máa tàn án kí ẹ sì máa pa á. Owó disk àti ti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí server lórí íntánẹ́ẹ̀tì) nìkan ló ń lọ lóru. Ẹ gba Elastic IP, èyí tí kì í yí padà, fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà IP rẹ̀ á yí padà tó bá tún tàn, àwọn òṣìṣẹ́ kò ní rí i wọlé. Ẹ má sì ra Savings Plan, ìyẹn ẹ̀dínwó tí ẹ óò fi ṣe àdéhùn owó wákàtí kọ̀ọ̀kan, fún server tí ẹ ń pa lálẹ́, torí wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka owó yẹn, ì báà kú, ì báà wà láàyè.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, Compute Optimizer, irinṣẹ́ AWS tó ń yẹ ìwọ̀n server wò, á sọ bóyá ẹ ṣì gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi CloudWatch agent, ètò tó ń ròyìn ohun tó ń lọ nínú server, sí i, torí láìsí i kò ní rí RAM tí ẹ̀ ń lò. Ẹ tún ṣí AWS Budgets, tó ń kìlọ̀ bí owó bá ń kọjá ààlà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́: dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó, bí náírà bá já wálẹ̀, ìnáwó yín á gòkè láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kan kún un.

Cape Town ni ibùdó ńlá wọn ní Áfíríkà wà, ó ṣí lọ́dún 2020. Local Zone, ìyẹn ibùdó kékeré wọn, wà ní Èkó láti 2023, ó yá jù fún Abẹ́òkúta, àmọ́ gbogbo ìwọ̀n server kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tó le ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun bíi WACS àti MainOne já lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì dúró gbagidi. Ìlà méjì láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó kéré jù, fáíbà kan àti 4G kan.

Mo fún EC2 ní mẹ́rin nínú márùn-ún fún ètò ìṣirò owó, wẹ́ẹ̀bù àti portal ilé-ìwé. Fún àwọn tó ń tẹ̀wé tàbí tó ń ya àwòrán ilé, méjì péré: ṣíṣí fáìlì ńláńlá láti ọ̀nà jíjìn á máa dá wọn dúró. NAS (àpótí disk tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò) kékeré oní-disk méjì nínú ọ́fíìsì, tó ń ṣe ẹ̀dà lọ sí S3, ibi ìtọ́jú fáìlì AWS, lálaalẹ́, ló bá iṣẹ́ tiwọn mu.