Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Páwà Báǹkì 50,000 mAh Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin ará, kẹ́ ẹ tó sanwó yẹn, ẹ gbọ́ tèmi ná. Àwọn òǹtajà kan ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan báyìí, páwà báǹkì ni wọ́n ń tà. Wọ́n á kọ 50,000 mAh gàdàgbà sí i lára (mAh ni òǹkà tí wọ́n fi ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), òmíràn tiẹ̀ ń jẹ́ 100,000, wọ́n á ní iná ì báà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù yín àti ráútà yín ò ní kú. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń rọ́ lọ bá wọn. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Iṣẹ́ títún irú nǹkan wọ̀nyí ṣe ni mò ń ṣe, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá tí kò bá gba iná sára mọ́. Ohun tí mo fojú ara mi rí nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tówó ẹ̀ kò ká jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ni wọ́n dójú lé. Ẹni tó kàn fẹ́ kí iná wà lára fóònù òun títí ilẹ̀ á fi mọ́, kọ́mọ òun sì rí iná kàwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ní owó mìíràn nílẹ̀ tó máa fi ra òmíràn.

Èyí tí mo tú kẹ́yìn, àyè bátìrì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, bátìrì roboto tí wọ́n ń pè ní 18650, tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó sì gùn ní 65. Tẹ́ ẹ bá wò ó gààràgà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni wáyà dé orí ẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Mo bó rọ́bà aláwọ̀ búlúù tó wà lára ọ̀kan, mo gé ìdí ẹ̀, ni yanrìn bá ń dà sórí tábìlì mi. Yanrìn! Wọ́n rọ ọ́ síbẹ̀ kí nǹkan náà lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó rà á. (Ẹ má dán irú ẹ̀ wò nílé o. Bátìrì tó bá jẹ́ ojúlówó lè gbiná lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gé e.) Nínú àwọn tó rí pẹlẹbẹ, irin ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì kékeré kan.

Bátìrì 18650 tó jẹ́ ojúlówó, 2,500 sí 3,500 mAh ló sábà máa ń gbà, ó sì máa ń wọn bíi gíráàmù 45 sí 50. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Kí páwà báǹkì tó lè gba 50,000, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ á tó 15. Àwọn 15 yẹn nìkan á ti lé ní gíráàmù 650, ká má tíì ka ike àti bọ́ọ̀dù inú ẹ̀. Báwo wá ni èyí tó wọ àpò ṣòkòtò, tí kò wúwo ju fóònù lọ, ṣe fẹ́ jẹ́ 50,000? Tó bá fúyẹ́, irọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá sì wúwo, ẹ má tíì yọ̀, ẹ rántí yanrìn.

Wh ni kẹ́ ẹ máa wá lára ẹ̀, ìyẹn wáàtì-wákàtí, òǹkà tó ń sọ gbogbo agbára iná tó wà nínú ẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ní lẹ́tà kékeré. Ẹ fi 3.7, tó jẹ́ fólítì bátìrì inú ẹ̀, sọ mAh di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 1,000 pín in: 10,000 mAh á jẹ́ 37 Wh, 20,000 á jẹ́ 74. Òfin ọkọ̀ òfurufú kò sì gbà kí èrò gbé èyí tó bá ju 100 Wh lọ wọlé láìgbàṣẹ. 50,000 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí á jẹ́ 185. Síbẹ̀, ẹ ó rí i lórí àwòrán tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ pé ó ṣeé gbé wọ ọkọ̀ òfurufú! Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń tú ara wọn.

Kí n má purọ́ mọ́ olóòótọ́: tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ “rated capacity” (ìyẹn iye tó lè gbé jáde gan-an) bíi 6,000 mAh sẹ́yìn páwà báǹkì 10,000, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Fólítì 3.7 ni bátìrì inú ẹ̀, fólítì 5 ló ń gbé jáde sí fóònù, díẹ̀ sì máa ń bá ooru lọ. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ fún yín ló ṣeé fọkàn tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí owó kì í fi í padà. Tẹ́ ẹ bá fẹjọ́ sùn pé kò pẹ́ rárá, wọ́n á fi pẹ̀lẹ́tù dá yín lóhùn: “Ẹ má bínú, ẹ ṣáájì ẹ̀ kún, kẹ́ ẹ lò ó tán, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bátìrì ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí ni.” Kò sí bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó ń sùn tí wọ́n ń jí. Wọ́n fẹ́ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà kọjá ni. Tẹ́ ẹ bá takú, wọ́n á ní àwọn á dá díẹ̀ padà nínú owó yín, bẹ́ ẹ bá lè pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ nípa àwọn rẹ́. Ẹ má gbà. Àwọn mìíràn á rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ sanwó tààrà sí àkáǹtì àwọn, pé ó máa dín kù. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbà á. Ẹ sì fara balẹ̀ ka ohun táwọn tó rà ṣáájú kọ. Ẹ ó rí ibi tí ìràwọ̀ márùn-ún ti pọ̀ lọ jàra, tó sì jẹ́ pé ìbòrí fóònù ni wọ́n ń yìn, nítorí pé orí ojú ewé ọjà mìíràn ni wọ́n gbé páwà báǹkì náà sí.

Àwọn tó ń ta àpótí kékeré oníbátìrì tó ń fún ráútà níná tí iná bá lọ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n á ní ó ń lo wákàtí 12. Ká ní ráútà yín ń jẹ wáàtì 8, wákàtí 12 á gba 96 Wh, ó kéré tán. Àpótí tó ní bátìrì 2,000 mAh mẹ́rin nínú, kò tó 30 Wh. Wákàtí mẹ́ta lẹ ó rí, bóyá ó lé díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà yín kẹ́ ẹ tó rà á: fólítì 12 ni ọ̀pọ̀ ń lò, àwọn kan ń lo 9. Bí fólítì ẹ̀ bá ju ti ráútà lọ, ó lè jó o. Tó bá dé, ẹ yọ ọ́ lára iná lójijì, kẹ́ ẹ wo ráútà. Bó bá kú tó tún tàn, kò wúlò fún yín.

Èyí tó ní sólà lẹ́yìn ńkọ́? Sólà tó tó àtẹ́lẹwọ́ kì í sábà mú ju wáàtì kan lọ. Kó tó kún 74 Wh, á gba oòrùn gangan tó lé ní 70 wákàtí. Bátìrì tẹ́ ẹ sì sá sóòrùn bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́ ni.

Ewu tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí owó. Bátìrì àlòkù láti inú kọ̀ǹpútà àgbélétan ni wọ́n ń wé ní rọ́bà tuntun, mi ò sì rí bọ́ọ̀dù tó yẹ kó máa dáàbò bò ó nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo tú. Iléeṣẹ́ ńlá pàápàá lè ṣàṣìṣe: ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Anker kéde ní Amẹ́ríkà pé káwọn èèyàn dẹ́kun lílo PowerCore 10000 tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ A1263, èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan, torí pé ó lè gbóná kó gbiná, wọ́n sì gbà láti pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà, ta ló máa pè yín tó bá di ewu? Bó bá ti ń wú, ẹ má ṣáájì ẹ̀ mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sọ ọ́ sínú pàǹtí ilé. Ẹ má sì ṣáájì èyíkéyìí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ ya fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń tú u, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. 20,000 tó jẹ́ òótọ́ yẹ kó kún fóònù oní-5,000 mAh tó ti kú nígbà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ẹ dán an wò lọ́sẹ̀ tó dé gan-an, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ pé ọjà ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bó bá kùnà, fọ́tò òṣùwọ̀n yẹn àti ìṣirò Wh ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ìkànnì ìtajà náà, kì í ṣe òǹtajà nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹlòmíì láti fi gba owó yín padà.