Oṣù mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú ẹ̀rọ ìsẹ́mi RO fún omi ẹja ní Kàbà: ọ̀rọ̀ lórí omi ìdànù rẹ̀

Páìpù mẹ́ta ni ó wà lára ẹ̀rọ ìsẹ́mi RO (reverse osmosis, tí ń ti omi gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọjá kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè ṣẹ́kù sẹ́yìn) tí mo rà fún omi ẹja mi. Omi ń gba ọ̀kan wọlé, omi tí a ti sẹ́ ń gba èkejì jáde, ẹ̀kẹta sì jẹ́ páìpù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìwé ìlànà inú páálí kò sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa rẹ̀, pé kí a fà á lọ sí ojú gọ́tà. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń lo ẹ̀rọ yìí nílé mi ní Kàbà, páìpù dúdú yẹn ni ó sì gba ìrònú mi jù lọ, òun náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá onílé mi. Ìdí nìyí tí àgbéyẹ̀wò mi yóò fi dá lé omi tí ń gba ibẹ̀ jáde ju omi mímọ́ lọ.

Àpótí onígíláàsì tí ó gba lítà 240 ni mo fi ń sin ẹja, angelfish mẹ́fà àti ọ̀wọ́ cardinal tetra kan ni ó wà nínú rẹ̀. Láti agbègbè odò Amazon ni ẹja wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá, níbi tí omi ti rọ̀ gan-an. Omi bọ́hóòlù tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, omi líle ni, tí iyọ̀ àpáta pọ̀ nínú rẹ̀. Inú àpáta ni ó ti ń jáde, ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì sì ti so èépá funfun nínú. Mítà TDS, tí ń ka iye nǹkan tí ó ti yòrò sínú omi, fún mi ní 410 nígbà tí mo kọ́kọ́ tì í bọ inú garawa. Ẹja àgbà fara da omi náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni angelfish yé ẹyin tí gbogbo rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀fun láìpa, nítorí pé kálísíọ́ọ̀mù inú omi líle máa ń jẹ́ kí èèpo ẹyin irú ẹja bẹ́ẹ̀ yi jù. Ẹni tí ó bá ń sin guppy tàbí molly nìkan kò nílò ẹ̀rọ yìí rárá, nítorí pé omi líle gan-an ni àwọn yẹn fẹ́. Kí ó fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ ẹja.

₦185,000 ni mo san kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ mi láti Èkó. Ó ní fíltà tí ń gba ìdọ̀tí dúró, ó ní fíltà èédú méjì, ó sì ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní membrane, tí wọ́n kọ gálọ́ọ̀nù 75 lóòjọ́ sí lára, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí lítà 284. Ẹni tí ó tà á fún mi kò sọ fún mi pé iye yẹn kò lè jáde láìsí agbára tí ń ti omi. Tánńkì orí òpó wa ga ní mítà mẹ́rin, mítà kọ̀ọ̀kan kò sì fún omi ju nǹkan bí PSI 1.4 lọ (PSI ni òṣùwọ̀n agbára tí ń ti omi), tí ó fi jẹ́ pé kò pé 6 tí omi fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ 50 sókè. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ so ó, omi mímọ́ ń kán tó tó tó bí ìgbà tí òjò ti dá tí òrùlé ń kán, nígbà tí páìpù dúdú ń da tirẹ̀ nù lọ láìsinmi. Àfi ìgbà tí mo ra póńpù kékeré oníná fólítì 24 kún un ni ẹ̀rọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba omi láti tánńkì orí òpó ka owó póńpù mọ́ owó ẹ̀rọ kí ó tó tọrọ ìdínkù owó lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á.

Lẹ́yìn tí póńpù wọ̀ ọ́, mo gbé ike sí abẹ́ páìpù méjèèjì, mo sì wo aago. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi mímọ́ jẹ́ lítà 2, omi ìdànù sì jẹ́ lítà 8. Ìdá mẹ́rin sí ìdá kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ó ṣe yẹ kí irú ẹ̀rọ yìí rí, nítorí pé omi ìdànù ni ó ń fọ ojú awọ náà tí ó sì ń kó iyọ̀ àpáta kúrò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá dí i nítorí pé ó ń ṣàánú omi, awọ náà yóò dí, yóò sì kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí omi inú tánńkì tutù, omi mímọ́ máa ń dín kù ju báyìí lọ, nítorí ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ń ka gálọ́ọ̀nù 75 yẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan mo máa ń pààrọ̀ lítà 60 nínú omi ẹja. Mo ń lo lítà 40 láti inú ẹ̀rọ, mo sì ń da lítà 20 omi bọ́hóòlù pọ̀ mọ́ ọn, kí TDS rẹ̀ lè wà ní nǹkan bí 145, nítorí pé omi RO lásán kò ní ohun tí yóò di pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) mú, ewu sì ni fún ẹja. Lítà 40 yẹn ń gba wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń fi lítà 160 sílẹ̀ fún mi. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà ń kún, ìkeje sì ń gba díẹ̀. Ní ilé tí a ti ń ra omi tánkà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn kì í ṣe omi tí ènìyàn ń fà lọ sí ojú gọ́tà kí ó sì sùn.

Orúkọ tí wọ́n fún omi yìí ni ó kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, títí mo fi ti mítà bọ inú rẹ̀ tí ó ka 510. Omi bọ́hóòlù kan náà ni, tí ó ti gba inú èédú kọjá, tí iyọ̀ àpáta rẹ̀ kàn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. A kì í mu ún nílé wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí a má fi ṣe iṣẹ́ ilé. Mo ra dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù onílítà 200, mo ní kí plọ́ńbà lu ihò sí ìdérí rẹ̀ kí páìpù dúdú lè wọlé ṣinṣin, mo sì fi táàpù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdérí yẹn ṣe pàtàkì. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ lo dúrọ́ọ̀mù láìdé e, ìdin ẹ̀fọn ti ń jó nínú rẹ̀ kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kò sì sí wàhálà kankan. Ìyàwó mi fi fọ aṣọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì sọ fún mi pé ọṣẹ tí òun fi fọ báfù méjì tẹ́lẹ̀ kò fọ báfù kan àtààbọ̀ mọ́. Ó ju omi bọ́hóòlù gan-an lọ nínú kí ọṣẹ má hó. A wá ń fi ṣan aṣọ àkọ́kọ́ tí ó ní ẹrẹ̀, a sì ń fi omi mìíràn fọ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ó dára fún fífọ ilẹ̀ símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ojú funfun tótòtó sílẹ̀ lórí táìlì tí ó bá gbẹ síbẹ̀, mo sì kábàámọ̀ pé mo fi fọ gíláàsì ọkọ̀ mi lọ́jọ́ kan nínú oòrùn.

Ti ọgbà fẹ́ ìṣọ́ra díẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ata tí a gbìn sínú ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í so èépá funfun yí etí ìkòkò ká nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ sì ń jóná ní ṣóńṣó, nítorí pé omi ń fà lọ, iyọ̀ sì ń ṣẹ́kù sínú iyẹ̀pẹ̀ kékeré yẹn. Mo dá omi bẹ́ẹ̀ dúró fún ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Omi tí mo fà jáde nínú àpótí ẹja, tí ó ní ìgbẹ́ ẹja nínú, ni mo ń da sí wọn dípò rẹ̀, ó sì ń ṣe wọ́n bí ajílẹ̀. Omi méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, n kì í sì í dà wọ́n pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá fi oògùn tàbí iyọ̀ tọ́jú ẹja, omi àpótí kì í dé ibi tí ohun jíjẹ wà rárá. Lára omi ìdànù yìí náà ni mo fi kún báfù símẹ́ńtì kan lẹ́yìn ilé, tí mo kó guppy sí, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀ bí ẹni pé wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ tí ó burú wáyé nínú ọyẹ́ ọdún tí ó kọjá. Mo tan póńpù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, NEPA mú iná lọ, mo sì gbàgbé pé n kò pa á. Ní ọ̀gànjọ́ wọ́n mú iná dé. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, tí ike omi mímọ́ bá kún, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ yóò léfòó, yóò dí ẹnu páìpù, fáàfù kan lára ẹ̀rọ yóò sì dá omi tí ń wọlé dúró, kí ìdànù náà lè dúró. Bọ́ọ̀lù ṣe tirẹ̀. Fáàfù kò dí. Láti ọ̀gànjọ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, lítà 48 ní wákàtí kan, nǹkan bí lítà 288 ni ó ti bá páìpù dúdú jáde, nígbà tí dúrọ́ọ̀mù kò ní àyè ju 70 lọ. Kí n tó ta jí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di odò, omi sì ti rin ìdí àpò èlùbọ́ tí ìyá onílé gbé ti ògiri. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìró ní àyà, wọ́n wo omi, wọ́n wò mí.

“Ẹ kú àárọ̀ mà,” ni mo wí.

“Òkun o, Bàbá Ṣọlá,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn, bí wọ́n ti ń kíni ní Kàbà. “Ṣé ẹja yín ni ó mu gbogbo omi yìí tí ó wá pọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún wa?”

Mo ra èlùbọ́ mìíràn fún wọn. Nígbà tí mo tú ẹ̀rọ, ohun tí ó bàjẹ́ ni fáàfù kékeré kan, tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, tí ó yẹ kí ó máa dá omi mímọ́ lẹ́kun àtipadà sẹ́yìn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí lára ohun tí wọ́n fi kún páálí, ẹni tí ó tà á kò sì gbé fóònù mi mọ́ lẹ́yìn ìpè kejì. Láti ìgbà náà, mo ní kí oníṣẹ́ iná so aago ìdádúró mọ́ ìbudó iná póńpù, wákàtí mẹ́rin péré ni ó sì ń gbà fún un. Mo tún fi táàpù ọwọ́ sí ẹnu páìpù ìwọlé, nítorí pé nígbà tí kò bá sí iná pàápàá, omi tánńkì a máa rọra gba inú ẹ̀rọ kọjá lọ sí páìpù dúdú, tí omi mímọ́ tí yóò jáde kò sì ní ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ.

Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn mo fi membrane kejì sí i, tí ó ń gba omi ìdànù ti àkọ́kọ́ tí ó sì ń tún un sẹ́. Ìdá mẹ́rin wá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan àti méje nínú mẹ́wàá, tí ó fi jẹ́ pé lítà 40 mi kò fi ju nǹkan bí lítà 70 sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n TDS ohun tí ó ṣẹ́kù ti gòkè dé 640, mo sì gbọ́dọ̀ máa ṣí fáàfù ìfọ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí èépá má baà gbá membrane kejì mú, èyí tí omi líle jù ń bá jà. Ní àkókò òjò, mo máa ń fi ike gba omi òrùlé lẹ́yìn tí òjò mélòó kan bá ti fọ erukuru ọyẹ́ lórí rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí awọ inú rẹ̀ má baà gbẹ. Páànù tuntun tí síńkì ń bó lára rẹ̀ kò dára fún èyí, síńkì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja.

Ní ti omi mímọ́, ẹ̀rọ náà kò tàn mí. Ó ń fún mi ní TDS 11, angelfish sì ti pa ẹyin ní ẹ̀ẹ̀mejì. N óò tún rà á, ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ń ta àwọn fáàfù rẹ̀ lọ́tọ̀, n óò sì ra dúrọ́ọ̀mù ṣáájú ẹ̀rọ. Ìṣòro tí mo ní báyìí kì í ṣe èyí tí mo retí. Ìyá onílé, tí ó ti gbin ẹ̀fọ́ ebè mẹ́rin sí ẹ̀yìn ilé nítorí omi dúrọ́ọ̀mù náà, wá bá mi ní Sátidé tí ó kọjá, wọ́n ní táàpù rẹ̀ kì í tú mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bèèrè bóyá ohun kejì tí mo so mọ́ ẹ̀rọ yẹn ṣeé yọ kúrò títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀.