Ẹ́ńjìnnì orí kẹ̀kẹ́: ohun tí ojú mi rí láàárín Ìgbógbó àti Ẹ́búté Ìpákodò

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo so ẹ́ńjìnnì mọ́ láti ilé mi ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, dé Ẹ́búté Ìpákodò, níbi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi iṣẹ́ ní Fálómò. Ẹ́ńjìnnì náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà nínú páálí kan ṣoṣo, tí táǹkì, ṣéènì, kábúrétọ̀, síláńsà àti gbogbo bóòtì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè mọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà tó owó tí mo san lé e, ṣùgbọ́n àwọn irin tí wọ́n ní kí a fi dè é kò tó nǹkan kan, ẹni tí kò bá sì ní owó tí yóò fi tún kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, kó má tíì rà á.

Ohun tó sún mi dé ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Ìkòròdú kankan. Márúwá méjì ni mo máa ń wọ̀ kí n tó dé etí omi, ọ̀kan wọ ìgboro, èkejì láti ìgboro dé Ẹ́búté, owó méjèèjì sì fò sókè nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì padà wálẹ̀ mọ́. Mo kọ́kọ́ ro ti ọ̀kadà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó páálí ẹ́ńjìnnì yìí kò tó ìdajì owó ọ̀kadà tuntun. Ọgbọ́n náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, nítorí láti ọdún 1939 ni wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Whizzer fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà.

80cc ni wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn bí àyè tí písítìnnì ń rìn nínú sílíńdà ṣe tóbi tó. Kì í ṣe òótọ́. Mo wọn ihò sílíńdà, ó jẹ́ mìlímítà 47. Ìrìn písítìnnì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé 66cc ni àpapọ̀ rẹ̀. N kò ka irọ́ yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, nítorí 66cc tó láti gbé ènìyàn kan pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí òun ń san owó lé. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní “I better pass my neighbour” lọ, tí tirẹ̀ jẹ́ 63cc, bákan náà ni àwọn méjèèjì sì ṣe ń ṣiṣẹ́: wọn kò ní ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú epo ni a ti ń pò ó, epo tó ń wọlé lọ jó náà ló sì ń gbé ọ́ìlì dé ara bẹ́árín àti písítìnnì.

Jẹnẹrétọ̀ yìí kan náà ló sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìwọ̀n 50 epo sí 1 ọ́ìlì ni a fi ń wa tirẹ̀. Bí a bá fi ìyẹn wa ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ tí kò tíì mọ ara, písítìnnì lè gan mọ́ inú sílíńdà. Ìwọ̀n 20 sí 1 ni mo fi wa lítà 10 àkọ́kọ́, ìyẹn mìlílítà 50 ọ́ìlì nínú lítà epo kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni mo dín in kù sí mìlílítà 40. Síríńjì tí mo rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì ni mo fi ń fà á, nítorí ìdérí ike tí àwọn ènìyàn fi ń wọn ọ́ìlì kì í dọ́gba lọ́wọ́ ẹni méjì. Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ti ń mì í pọ̀ kí n tó dà á sí táǹkì, kí ọ́ìlì má baà lọ sùn sí ìsàlẹ̀.

Ní ti kẹ̀kẹ́, tòkunbọ̀ oní-íńṣì 26 ni mo rà, èyí àkọ́kọ́ sì já mi kulẹ̀. Alumíníọ̀mù ni, ọ̀pá iwájú rẹ̀ sì tóbi ju ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbá ọ̀pá mú lọ, torí ọ̀pá irin tí kò ju bíi mìlímítà 28 lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá tóbi, irin pẹlẹbẹ kan àti bóòtì gígùn kan wà nínú páálí fún un, pé kó lu ihò sí ọ̀pá náà. Mo gbé e lọ bá bàbá kan ní Ìta Ẹlẹ́wà tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí mi, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lu ihò síbí.” Wọ́n fi èékánná kan ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ibi tí mo bá lu yìí náà ni yóò ti kán, ìwọ ni wàá sì wà lórí rẹ̀.” Mo tà á, mo wá onírin.

Gígùn rẹ̀ dùn, n kò lè purọ́. Ènìyàn yóò fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra, yóò wa pẹ́dà bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ lásán títí yóò fi ní eré díẹ̀, yóò wá dẹ ọwọ́. Táyà ẹ̀yìn yóò fi ṣéènì yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Kìlómítà 30 sí 35 ní wákàtí kan ni eré tí mo ń sá. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ nígbà náà a máa wọ inú eegun apá, débi pé mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí tí ìka mi kò lè ká mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Lítà kan ń gbé mi tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Pílọ́ọ̀gì tó bá a wá kú ní ọ̀sẹ̀ kẹta. NGK B6HS ni mo fi rọ́pò rẹ̀, n kò sì tíì yọ ọ́ láti ìgbà náà àfi láti nù ún.

Ó wá kan ohun tó bí mi nínú. Kẹ̀kẹ́ kékeré oníke kan wà tí ń na ṣéènì kó má baà dẹ̀. Bóòtì méjì ni wọ́n fi ń gbá a mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pá róbótó tó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, nítorí náà bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń gbọ̀n, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, inú sípókù ló sì ń yí sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, n kò tíì kúrò ní Ìgbógbó tán nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ró gbọnran lábẹ́ mi, táyà ẹ̀yìn há pa, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú yanrìn. Sípókù mẹ́rin ti kán. Kẹ̀kẹ́ oníke náà há sí àárín wọn bí eegun ẹja nínú ọ̀fun. Ọpẹ́lọpẹ́ yanrìn, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà dé Ìta Ẹlẹ́wà, ọkọ̀ ojú omi sì lọ láìsí mi. Nígbà tí Bàbá rí i, wọ́n kàn bi mí pé, “Ṣé irin yìí ni wọ́n ní kó dá dúró?” Wọ́n rán mi sí wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, ó sì fi orí kejì irin náà gbá ọ̀pá òkè mú. Kò tíì yí láti ọjọ́ náà.

Àwọn bóòtì yòókù kò sàn jù ú lọ. Èyí tó mú síláńsà já sínú ihò rẹ̀ nígbà tí mo ń fún un, tí kì í sì í ṣe pé mo fi agbára púpọ̀ sí i. Mo tú gbogbo wọn sọ nù, mo ra èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, ìyẹn àmì bóòtì tó le. Bóòtì mẹ́sàn-án tó fún irin eléyín 44 mọ́ sípókù láàárín róbà méjì sì ń fẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní ìkọjúsíra, bí fọganáísà ṣe ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Wọn kò fi bíréèkì kankan sí páálí. Bíréèkì tí kẹ̀kẹ́ bá wá láti òkè òkun, eré ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ni mo ṣe pààrọ̀ róbà àti wáyà rẹ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn kí n tó bu epo sí táǹkì rárá. Bí mo bá ka kẹ̀kẹ́, bóòtì, bíréèkì, sípókù àti owó wẹ́dà pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra ẹ́ńjìnnì.

Ìkòròdú kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, síbẹ̀ n kì í gbé e lọ sí ojú títì tó lọ sí Máìlì Méjìlá, nítorí ọkọ̀ tó ń sáré níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ṣe dáadáa sí mi ní ọ̀nà kan: wáyà kílọ́ọ̀ṣì já ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì fún mi ní òmíràn láìjiyàn. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù tó kọjá, mo gba ọmọkùnrin tó tà á fún mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa yọ kẹ̀kẹ́ oníke yẹn kúrò nínú páálí, kí wọ́n sì fi dín owó rẹ̀ kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òun gan-an làwọn èèyàn ń padà wá rà jù.”