ICLP ní Taipei: ta ni ilé ẹ̀kọ́ èdè Ṣáínà yìí tọ́ sí?

Inú ọgbà National Taiwan University ní Taipei, ní Táíwàn, ni ICLP (International Chinese Language Program) wà. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wá síbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn kó lọ sí yunifásítì Tsinghua ní Beijing ní 1997, National Taiwan University di ilé ẹ̀kọ́ náà mú, ó sì ń bá a lọ lábẹ́ orúkọ ICLP.

Ẹnu ni owó yín ń rà níbẹ̀. Kíláàsì kan kì í ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ, ẹ̀kọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ ẹ̀yin àti olùkọ́ nìkan, torí náà kò sí ẹ̀yìn kíláàsì tí èèyàn lè sá sí. Olùkọ́ kò ní ka ìwé fún yín. Ìbéèrè ni yóò máa bi yín, ẹ ó sì fi ọ̀rọ̀ tuntun inú ìwé dáhùn ní odindi gbólóhùn.

Ìdí nìyẹn tí alẹ́ fi ṣe pàtàkì ju òwúrọ̀ lọ. Fún wákàtí kíláàsì kan, ẹ ya wákàtí kan ààbọ̀ sọ́tọ̀, ó kéré tán. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìwo ìwé, kí ẹ tó ṣí i kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ tó ṣòro nínú Pleco, ìwé atúmọ̀ èdè Ṣáínà orí fóònù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn tiyín, kí ẹ sọ ọ́ síta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kọ àmì ọ̀rọ̀ Ṣáínà bíi 15. Ibi ìfọwọ́kọ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: lórí fóònù, ìró lásán lèèyàn ń tẹ̀, á wá fi ojú mú àmì rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, ọwọ́ á dúró gbọn-in.

Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà, bíi Yorùbá. Ọmọ Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí máa ń fa ìparí ìbéèrè sókè. Mài, tó túmọ̀ sí tà, á di mái, ìyẹn ni kéèyàn sin nǹkan mọ́lẹ̀. (Ẹ fojú inú wo ọlọ́jà.) Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nílé, ní Houston tàbí Chicago, ti mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n pàkúté tirẹ̀ náà wà. Nínú Yorùbá, ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gùn ún bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ pe "ìwé" kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá gbé àṣà yẹn wọ lǎoshī, olùkọ́, shī á di shí. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀.

Àmì ọ̀rọ̀ àtijọ́, tí ilà rẹ̀ pọ̀, ni Táíwàn ń lò. Ẹni tó ti kọ́ èyí tí wọ́n dín ilà rẹ̀ kù, tí wọ́n ń lò ní Beijing àti Shanghai, yóò jìyà fún oṣù àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan náà yàtọ̀: ìdọ̀tí tí wọ́n ń pè ní lājī ní Beijing, lèsè ni ní Taipei. Tó bá jẹ́ pé Shanghai ni iṣẹ́ ń dúró dè yín sí, ẹ rò ó wò dáadáa.

Èèwọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni èèwọ̀ yẹn parí sí. Princeton in Beijing, ètò èdè Ṣáínà ti yunifásítì Princeton tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tọ̀sán tòru. Ní Taipei, ẹni tó bá bá ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta gbé yàrá ti sọ ìdajì owó rẹ̀ nù.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu ní ìgbà ooru kan ṣoṣo. Wákàtí kíláàsì 2,200 ni FSI, tó ń kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà lédè, ka Mandarin, ìyẹn èdè Ṣáínà yìí, sí kéèyàn tó lè fi ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 40, 600 péré ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá, kó kọ́kọ́ kọ́ ọdún kan nílé. Owó Boren, owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́, lè gbé ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ó ní gbèsè tirẹ̀: ọdún kan, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ dé Taipei ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìdánwò tí wọ́n fi ń pín kíláàsì. Wákàtí 12 tàbí 13 ló fi ṣáájú New York, ẹni tó bá sì ń tòògbé níwájú olùkọ́ yóò bá ara rẹ̀ ní kíláàsì tó rọrùn jù fún un. Tó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀bẹ̀ fún àyípadà.