Toller àbí Brecht: èwo la ó kọ́kọ́ kà?

Ẹni tó bá bèèrè òǹkọ̀wé eré onítàgé Jámánì tó ti ọwọ́ bọ òṣèlú, Bertolt Brecht ni wọ́n máa dárúkọ fún un. Ní tèmi, Ernst Toller ni kó kọ́kọ́ kà.

Toller fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda láti lọ jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀tá ogun. Ní 1919, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú ìjọba òṣìṣẹ́ tí kò tọ́jọ́ ní Munich. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló bá bọ̀. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti kọ Masse Mensch, eré tó ń bi wá léèrè bóyá ó tọ́ ká ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí òmìnira. Ẹni tó ti dé ojú ọ̀ràn ló ń bèèrè.

Brecht ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí òǹwòran kàn máa sunkún, ó fẹ́ kí wọ́n ronú. Ìdí nìyẹn tí òṣèré rẹ̀ fi ń kọjú sí èrò sọ̀rọ̀, tí orin ń dá eré dúró. Ọgbọ́n yìí rìn jìnnà: ara eré rẹ̀ ti 1928, Die Dreigroschenoper, ni Wọlé Ṣóyínká ti fa Opera Wonyosi yọ, tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ní 1977.

Hitler sọ àwọn méjèèjì di ìsáǹsá ní 1933. Brecht padà sí Berlin, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré Berliner Ensemble sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Helene Weigel, ní 1949. Toller kò padà mọ́. New York ló kú sí ní 1939.